Ó lè fà á, ṣé ó lè dá a dúró?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn ilé onítáyà tí àwọn kan ń kó wọlé láti Amẹ́ríkà ni mo bá wá, èyí táwọn òyìnbó ń sùn sínú ẹ̀ tí wọ́n bá rìnrìn àjò, táwọn tiwa wá sọ di búkà, wọ́n á so ó mọ́ ìdí Sienna, ó di Ìlọrin sí Òmù-Àrán níbi ìnáwó yìgì.

Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lágbára. Ta ló jiyàn? Ìgbà tó bá fẹ́ dúró níwájú Àjàṣẹ́ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Sienna 2005, àwọn tó ṣe é ní 3,500 paun ni kó fà mọ, bíi 1,590 kílò. Ká ní ilé onítáyà náà wọn 1,400 lófìfo, ẹ máa ní ó ti bọ́ sí i. Ẹ wá bu omi 200 lítà sí i, lítà kan kílò kan ni, omi nìkan ti gbé e kọjá, a ò tíì ka jẹnẹrétọ̀, fíríìsà, gáàsì àti ìkòkò ìrẹsì o.

Èyí tí wọn kì í rò rárá ni ìwúwo tó ń tẹ orí tówbà, irin ìdí ọkọ̀ tí wọ́n ń so ilé náà mọ́. Nínú gbogbo ìwúwo ẹ̀, 10 sí 15 nínú 100 ló yẹ kó bọ́ síbẹ̀, tó bá jẹ́ 1,700 kílò, 170 sí 255 nìyẹn, orí ìdí ọkọ̀ ló sì wà, ẹ fi kún àwọn ìyá olóúnjẹ tó jókòó sínú ẹ̀ (kí wọ́n má bínú sí mi), ẹ wá lọ ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà, iye tí ọkọ̀ lè gbé wà níbẹ̀. Àwọn kan á wá kó ẹrù sẹ́yìn kó lè fúyẹ́ níwájú, ìyẹn ló tún burú jù, tí eré bá ti wọ̀ ọ́ báyìí á máa jù sọ́tùn-ún jù sósì.

Ní Yúróòpù, tí ohun tí ọkọ̀ ń fà bá ti ju 750 kílò lọ, ó gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tiẹ̀. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń ní bíréèkì oníná, àmọ́ ó fẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó máa darí ẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó ń fà á, réwáyà wa á kàn so iná ẹ̀yìn, á fi wáyà bíréèkì sílẹ̀ kó máa fì nínú afẹ́fẹ́.

Ẹ bá wa sọ fáwọn Road Safety kí wọ́n máa wo wáyà yẹn náà, kì í ṣe pátíkúlà nìkan. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ọkọ̀ tó máa fà á, kó kọ́kọ́ gbé ilé onítáyà náà gun ìwọ̀n pẹ̀lú gbogbo ẹrù lórí.

Òǹkàwé yín, Ìlọrin.