Àkànní, mo ti pààrọ̀ wáyà sítíárìn ọkọ̀ ojú omi Bàbá

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Ìsàlẹ̀ Èkó
Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù Kánádà kò mú wọn jù? Gbogbo wa níbí wà dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Màmá ní kí n kí ọ. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù tí ẹ ti fojú kan ara yín.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Bàbá ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lóṣù tó kọjá, o ní kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun lára rẹ̀, pé bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀ gan-an ni kí ó wà. Mo kàn ní "a máa rí i," mo sì sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ìwọ àti èmi la jọ dàgbà nínú ọkọ̀ yẹn, ó yẹ kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu mi.

Ní Sátidé kan, èmi àti Ayọ̀ ń bọ̀ láti Ìkòròdú. A ti sún mọ́ Afárá Third Mainland. O mọ̀ pé Bàbá ti ń wa ọkọ̀ yìí lórí ọ̀sà kí wọ́n tó ṣí afárá náà ní 1990, wọ́n sì máa ń sọ pé látìgbà tí òpó ti dúró síbẹ̀ ni èèyàn ti ní láti la ojú sílẹ̀. Mo yí sítíárìn díẹ̀ sí òsì kí n lè gba àárín òpó méjì kọjá. Mo gbọ́ "pà!" ní ìdí ọkọ̀. Sítíárìn kàn ń yí lásán lọ́wọ́ mi, kò di nǹkan kan mú mọ́. Ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìdí ọkọ̀, tí sítíárìn máa ń yí, ti fúnra rẹ̀ yà, ọkọ̀ fì sí ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pòyì. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Ayọ̀ ti ṣubú lé etí ọkọ̀, orí àti apá rẹ̀ kan wà lóde, omi ń ta sí i lójú. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fa ọmọ mi wọlé, mo wá mú àjẹ̀, òun ni mo fi ń ti ọkọ̀ kúrò lára òpó títí ọkọ̀ èrò kan fi dé tí wọ́n ju okùn sí wa. Àkànní, títí di òní, bí mo bá di ojú, orí ọmọ yẹn lóde ọkọ̀ ni mò ń rí.

O rántí bí sítíárìn náà ṣe rí. Wáyà irin tí wọ́n fi rọ́bà funfun bò ni. Ó wé mọ́ róòlù kan lẹ́yìn sítíárìn, apá kan gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ sẹ́yìn, apá kejì gba òsì, púlì wà ní gbogbo igun, sípíríǹgì méjì sì ń fà á le ní ìdí ọkọ̀. Ìwọ ni Bàbá máa ń ní kí ó da ọ́ìlì sí àwọn púlì náà kí a tó lọ sí Tarkwa Bay. Bí ọ̀kan nínú apá méjèèjì bá já, kò sí sítíárìn mọ́ nìyẹn, nítorí ìkan ló ń fa ẹ́ńjìnnì sí ọ̀tún, ìkejì ló ń fà á sí òsì.

Nígbà tí a délé mo fi ọ̀bẹ la rọ́bà wáyà tó já náà. Lóde, ó funfun, ó ń dán. Nínú, ìpẹtà ni gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ń rún sí mi lọ́wọ́ bí èérún búrẹ́dì. Omi iyọ̀ ti gba ẹnu ibi tí wọ́n ti dè é wọlé, rọ́bà kò sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ọ̀sẹ̀ wo ni mi ò kì í fi aṣọ nu wáyà yẹn? Mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Mo la apá kejì tí kò tíì já, bákan náà ló rí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé n kò ní lè da irú rẹ̀ padà síbẹ̀, kódà bí o bá bínú sí mi.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, àwọn tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe kí a tó parí ilé ìwé. Ẹnì kan ti kọ́kọ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gbé háídrọ́líìkì sí i, èyí tí ọ́ìlì máa ń ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbọ́n ní owó ni mo fẹ́ fi ṣòfò. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ńlá ló nílò ìyẹn, pé ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 tiwa kò wúwo tó bẹ́ẹ̀, pé bí afẹ́fẹ́ bá kó sínú ọ́ìlì rẹ̀, sítíárìn á rọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Kébù kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n rà, irú èyí tí irin inú rẹ̀ ń ti ẹ́ńjìnnì, tó sì tún ń fà á. Kò nílò púlì, kò nílò sípíríǹgì. Orí rẹ̀ tó wà lẹ́yìn sítíárìn tún ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa sítíárìn mọ́ ẹni lọ́wọ́. O rántí bí apá ọ̀tún ṣe máa ń dun Bàbá tí a bá ti Tarkwa Bay dé? Bí àjẹ̀ ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nínú omi ni ó máa ń fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n sì ní láti máa fi agbára dì í mú títí dé ilé. Ó dùn mí pé ohun tí ì bá gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyẹn ti wà láyé nígbà náà.

Kébù yìí, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń tà á, nítorí náà a wọ̀n ọ́n. Láti àárín sítíárìn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ jẹ́ íǹṣì 18, láti ibẹ̀ lọ sí ìdí ọkọ̀ jẹ́ 120, láti igun ìdí ọkọ̀ dé àárín ẹ́ńjìnnì jẹ́ 36. Ó jẹ́ 174. Níbi tí kébù bá ti yà ní igun 90, a máa ń yọ íǹṣì 4, igun méjì ló sì wà, ó ku 166. Ìyẹn kò pé ẹsẹ̀ bàtà 14, a sì ra 14. Ẹ̀gbọ́n kò gbà kí a ra èyí tó kúrú, wọ́n ní kébù tí a bá fipá tẹ̀ á máa le, á sì tètè bàjẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù ni ìdí ọkọ̀. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun, páìpù kan wà níbi tí wọ́n ti so ó kọ́, inú rẹ̀ ni irin kébù máa ń gbà. Ẹ́ńjìnnì Johnson tiwa kò ní in. A kò sì lè kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, nítorí OMC, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Johnson, wọ gbèsè ní 2000, ẹ́ńjìnnì Evinrude tó jẹ́ ìkejì Johnson náà sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2020. Ẹsẹ̀ irin kan la fi bóòlùtì dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò ìdí ọkọ̀, a fi pákó líle ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ kí fáìbà ara ọkọ̀ má baà ya, kébù sì gba ibẹ̀ jáde sí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì. Nọ́ọ̀tì tí ó ní náílọ́ọ̀nù nínú, tí kì í tú bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, la lò. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kì í ṣe irú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì dá mi padà sọ́jà.

Nígbà tí a dè é tán, mo yí sítíárìn sí ọ̀tún, ẹ́ńjìnnì sì yà sí òdì. Ó yẹ kí orí ẹ́ńjìnnì lọ sí òsì kí àjẹ̀ rẹ̀ lè lọ sí ọ̀tún. Ihò méjì ló wà lórí ohun tó wà lẹ́yìn sítíárìn, èyí tí kò yẹ la ti kébù bọ̀. A tú u, a tún un dè. Gbogbo ọ̀sán yẹn ló gbà.

Ní báyìí, ohun tí mo mọ̀ pé o ń dúró láti gbọ́: sítíárìn Bàbá wà níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní tuntun, onírọ́bà dúdú, mo sì kọ̀ ọ́. Irin tuntun tí a máa ń ki sítíárìn bọ̀ ń tín-ín-rín lọ sókè, ihò sítíárìn Bàbá sì gún tààrà, kò wọ̀ ọ́. Mo gbé e lọ sí Mushin, sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi lẹ́ẹ̀tì gé irin. Ó rọra gé ihò idẹ àárín rẹ̀ títí ó fi bá irin náà mu, ó sì gbẹ́ ojú ibi tí irin kékeré tí kì í jẹ́ kí sítíárìn yí lásán máa wọ̀ sí i. Kò fọwọ́ kan igi rẹ̀ rárá. Ibi tí àtàǹpàkò Bàbá ti jẹ ẹ́ yẹn, bó ṣe wà ló ṣì wà.

Ní ìjẹta, èmi àti ẹ̀gbọ́n gbé e lọ sí ojú omi lápá Ọ̀wọ́ròǹṣókí. Mo yí i láti òpin dé òpin. Mo sáré, mo yà, mo jọ̀wọ́ sítíárìn fún ìṣẹ́jú kan, ọkọ̀ kò kúrò lójú ọ̀nà. Ayọ̀ kò tíì fẹ́ wọ̀ ọ́. N kò sì fipá mú un.

Kí n tó gbàgbé: tí o bá ń bọ̀ ní Kejìlá, bá mi mú gírísì tí omi iyọ̀ kì í fọ̀ wá, agolo kan tó. Irin tó ń yọ jáde láti inú kébù la máa ń fi kùn, a sì gbọ́dọ̀ fà á wọlé pátápátá kí a tó fi gírísì sínú ibi tó ń gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gírísì á há a mọ́lẹ̀.

Ohun kejì ni fọ́tò tí a yà ní Tarkwa Bay, èyí tí Bàbá ti jókòó sí ìdí sítíárìn, tí ìwọ sì dúró lẹ́yìn wọn. Ọwọ́ rẹ ni èyí tó ní àwọ̀ wà, ìwé tiwa ti ṣá. Ihò tuntun tí a gbẹ́ ti ba ọ̀dà pákó iwájú jẹ́, n kò sì rántí mọ́ bóyá búlúù ni tàbí àwọ̀ ewé. Bá mi wò ó dáadáa, kí o kọ̀wé sí mi kí n tó ra ọ̀dà.

Èmi ni tìrẹ,
Àlàbí