Sí àbúrò mi, nítorí "ẹ ṣé" tí ọmọ rẹ kò sọ

Àbúrò mi,

Ṣé inú tó ń bí ọ lọ́jọ́ Àìkú ti rọ̀? O ní ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ na owó sí ọmọ, ọmọ gbà á, ó yíjú padà sídìí tẹlifíṣàn, kò fọhùn. Lo bá gbá a létí lójú àlejò. Ó wá sọ "ẹ ṣé" náà o, àmọ́ ìwọ ló ń wò tó fi ń sọ ọ́. Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ta nígbà yẹn?

Rántí ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí aládùúgbò bá bu oúnjẹ fún wa lónìí, Màmá ò ní jẹ́ kó parí síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó lọ sídìí aró, wọ́n á kó wa dání, ọwọ́ wọn dúdú fún aró títí dé ìgbúnwọ́. Àwọn fúnra wọn ló ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀: "Ẹ ṣé àná o, mà." Àwa náà á sì wólẹ̀ tẹ̀lé wọn. Ó máa ń sú mi, pàápàá nílé ìyá àgbà tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ méjì péré ni wọ́n fún wa. Àmọ́ mi ò rántí pé Màmá nà wá rí nítorí ọpẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ọmọbìnrin mi lọ síléèwé, mo ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo gba ẹ̀gbẹ́ ìyá tó ń gbálẹ̀ kọjá. Ọmọ dúró: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Ìyá náà gbójú sókè, wọ́n wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ló ń kí. Èmi kọ́ ló kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ni, ẹni tí kì í sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Ọláìyá láìkí ọlọ́kadà kú iṣẹ́, tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ yìí kan náà, má rò pé áńgẹ́lì ni. Ní sáà tó kọjá, ó kọ̀ láti yá ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ní pẹ́ńsù. Mo kàn bi í pé kí ni ọmọ yẹn wá fi kọ̀wé. Ó ní, "Kò kọ nǹkan kan." Ó dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣẹ́ pẹ́ńsù tuntun sí méjì, ó fún un ní ìdajì tí kò ní rọ́bà lórí. Ẹ̀rín pa mí, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mú ọmọ rẹ lọ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kúnlẹ̀, má sì wo ojú ọmọ.

Gààrí tó o fi ránṣẹ́ dé láti oṣù tó kọjá, mi ò sì tíì kí ọ. O ṣé àná o.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, ní Òṣogbo.