Ẹ bi àwọn ọmọ yín ní ohun tí ẹ̀yin náà kò mọ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Aránṣọ ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ìdí ẹ̀rọ ni mo sì wà nígbà tí mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òbí tí kò bá sanwó lẹ́sìnnì fún ọmọ tó ti lé lọ́mọ ọdún 11 lásìkò ìsinmi gígùn yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọmọ náà di ìpáǹle. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé aṣọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Lọ́dún yìí mi ò ní owó lẹ́sìnnì, àwọn ọmọ mi ò sì di ìpáǹle.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má sanwó o. Ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ kan, kí wọ́n wá olùkọ́ fún un, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bá a jà lé lórí ni pé ó ń sọ̀rọ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan láàárín lẹ́sìnnì àti ìranù.

Ká má parọ́, ọmọ kékeré kò le. Ẹ fún un ní iyẹ̀pẹ̀ àti agolo, ó ti ríṣẹ́ ṣe di ìrọ̀lẹ́. Èyí tó ti tó ọdún 11, 12, 15 ni wàhálà. Ó ti dàgbà kọjá iyẹ̀pẹ̀, kò sì tíì dàgbà tó ẹni tó lè dá lọ síbi tó bá wù ú. Ẹ ní kó lọ ṣeré, á wò yín bíi pé ẹ bú u. Ẹ ní kó jókòó, fóònù ló kàn.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe tèmi. Lọ́dún tó kọjá, mo mú páálí funfun kan, mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo kọ ohun tí wọ́n máa ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ sínú rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Aago mẹ́jọ, ìwé kíkà. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀, ìṣirò. Aago mọ́kànlá, àwòrán yíyà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àkọ́bí mi ti fi bírò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: “Aago mélòó ni ìsinmi?” Mi ò rí èsì fún un. Mo já páálí náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì gé pátánì ọrùn aṣọ sí.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́, mi ò jókòó ronú kàn án. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 bi mí pé ṣé aago méjìlá ọ̀sán gan-an ni oòrùn máa ń kanrí. Ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yà láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, torí ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà ní kékeré nìyẹn. Àbẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi, òun ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì. Nígbà tí mo fi máa yọ ọ́, mo ti rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Mo ní, “Mi ò mọ̀. Lọ wò ó wá.”

Ó wò mí lójú bóyá mo ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ìgbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó lọ mú igi máápù tó ti kán, ó rì í mọ́ àárín garawa tó kún fún iyẹ̀pẹ̀, ó gbé e sórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé. Ó gba òwú lọ́wọ́ mi, ó so bọ́bìnnì mọ́ ìdí rẹ̀, ó jẹ́ kó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà kó lè mọ̀ bóyá igi dúró ṣánṣán. Ó tún gba ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì aṣọ. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, á fa ìlà síbi tí orí òjìji bá dé, á kọ aago sí i, á fi téèpù mi wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kìíní, bọ́ọ̀lù àbúrò rẹ̀ gbá garawa yí lulẹ̀, ìjà ọjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Lọ́jọ́ kejì, ìkùukùu bo oòrùn nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn kanrí. Ọjọ́ kẹta ló tó rí i.

Òjìji tó kúrú jù lọ, ìyẹn ìgbà tí oòrùn kanrí, kò bọ́ sí aago méjìlá. Ó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago kan lù.

Ó ní aago ògiri mi ti bàjẹ́. A wo fóònù, fóònù ní aago kò bàjẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀, kò sì béèrè ọwọ́ mi mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi wá ìdí rẹ̀ kiri, nínú ìwé ilé-ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́, àti lórí fóònù mi lálẹ́ nígbà tí mo bá ti ṣíwọ́. Èyí ni bó ṣe wá là á yé mi. Ayé ń yí òbìrí ìwọ̀n (dígírì) 360 ní wákàtí 24, ìyẹn ìwọ̀n 15 ní wákàtí kan, ìwọ̀n kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹni tó bá wà níhà ìlà oòrùn, orí tirẹ̀ ni oòrùn máa kọ́kọ́ dé, ẹni tó wà níhà ìwọ̀ oòrùn á dúró dè é. Ṣùgbọ́n bí oníkálùkù bá ń lo aago tirẹ̀, ta ni máa bá ọkọ̀ rìn? Ni agbègbè tó fẹ̀ bá fẹnu kò sí aago kan ṣoṣo. “Màmá,” ó ní, “àwọn èèyàn ló jọ ṣèpàdé aago, wọn ò pe oòrùn.” Ó tún rí i pé bí ayé ṣe dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọ̀nà tó ń gbà yí oòrùn ká kò sì rí róbótó tán, máa ń jẹ́ kí ọ̀sán náà yẹ̀ síwá sẹ́yìn láàárín ọdún, nígbà mìíràn tó ìṣẹ́jú 16.

Ọkùnrin ará Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Eratosthenes wọ inú ọ̀rọ̀ wa lọ́sẹ̀ kejì. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì báyìí tí ọkùnrin yìí ti fi òjìji wọn bí ayé ṣe tóbi tó láti ìlú Alexandria ní Íjíbítì. Ó gbọ́ pé ní ìlú kan lápá gúúsù, ọjọ́ kan wà nínú ọdún tí oòrùn máa ń tàn tààrà dé ìsàlẹ̀ kànga lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, òjìji ṣì wà ní Alexandria, ó sì tẹ̀ ní ìwọ̀n bíi méje lé díẹ̀, ìdá kan nínú 50 òbìrí. Bí ọ̀nà láàárín ìlú méjèèjì bá wá di ìlọ́po 50, àyíká ayé nìyẹn. Ọmọ mi ní igi kan ṣoṣo náà ni bàbá yẹn ní, bíi tòun. Mi ò já a ní koro.

Ohun tí mo rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé, Olóòtú. Ọmọ tó ti ń bàlágà ti mọ̀ wá. Bí a bá bi í ní ohun tí ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ó mọ̀ pé ìdánwò ni, á sì sá. Ohun tí àwa náà kò mọ̀ ló máa ń gbé e dìde.

Mo wá dán an wò lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni, fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gba fóònù. Mo ní kó lọ gba ohùn ìyá mi sílẹ̀ nínú rẹ̀, kó mú ohun kan tí mi ò gbọ́ rí nípa ìyá tó bí mi wá. Gbígba ohùn kì í jẹ dátà. Ìgbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló gbà, ohùn tirẹ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀: “Màmá àgbà, ṣé ẹ gbádùn ilé-ìwé?” “Bẹ́ẹ̀ ni.” “Ṣé ẹ ní ọ̀rẹ́?” “Mo ní.” Mo sọ fún un pé ìbéèrè tí “bẹ́ẹ̀ ni” bá lè pa, kó má bi í mọ́. Kó ní, “Ẹ sọ ọjọ́ kan fún mi,” kó sì pa ẹnu dé.

Èyí tó gbà lẹ́ẹ̀kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ìyá mi, tó ń fi ọ̀pá rìn lónìí, ni kò sẹ́ni tó lè sáré bá nílé-ìwé wọn. Lọ́jọ́ eré ìje tó kẹ́yìn, òun ló ṣáájú, ó bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ń bọ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì gba iwájú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù náà: “Mi ò tí ì dárí ji ọrùn mi títí dòní.” Mo ti lé lógójì ọdún, kò sọ ọ́ fún mi rí. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ńlá ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀rọ̀ lè jẹ odidi òwúrọ̀ kan. Mo kàn kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láìtọrọ àyè lọ́wọ́ Màmá. Ohùn rẹ̀ ni, kì í ṣe tiwa.

Àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 10, ní òun náà ti dàgbà, kí n fún òun ní tòun. Àrá ni mo fún un. Ẹ̀rù àrá máa ń bà á débi pé á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kó sọ fún mi bó ṣe jìnnà tó. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá títí àrá á fi sán. Ìmọ́lẹ̀ ń dé lójú ẹsẹ̀, ohùn ló ń fẹsẹ̀ rìn, bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta mẹ́ta jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan. Inú ilé ni kó ti kà á o, kó jìnnà sí fèrèsé, ẹni tó bá sì wà níta tí kò lè kà dé 30 kí àrá tó sán, kó tètè wọlé. Ọmọ tó ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá ń pariwo nínú òjò pé, “Mẹ́sàn-án! Ó ń bọ̀! Mẹ́fà! Ó ti dé!” Oníbàárà mi kan tó sá wọlé fún òjò rò pé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dára. Mo ní kí àkọ́bí ya àwòrán àdúgbò wa, ààbọ̀ ọ̀sán ló fi ṣe é, ó jù ú síbẹ̀. A jáde lálẹ́ láti wo àwọn ìràwọ̀ tó máa ń já ṣòòròṣò ní nǹkan bí ọjọ́ 12 àti 13 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, a rí méjì, ọrùn sì dùn wá fún ọjọ́ méjì. Íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè é, owó dátà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé pọ̀ lórí ìkànnì Project Gutenberg téèyàn lè gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì máa kà á láìsí dátà, Scratch tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà náà ò gbowó. Bí ilé-ìkàwé bá wà nítòsí yín, ẹ dúpẹ́.

Ẹnìkan á ní, ìwọ ń ṣiṣẹ́ nílé, àwa ń jáde láàárọ̀. Òótọ́ ni. Gbólóhùn kan ni mò ń sọ láàárọ̀, kò gba àsìkò. Alẹ́ ni owó rẹ̀ wà, etí sì ni wọ́n fi ń san án. Ọmọ tó ti fi gbogbo ọjọ́ wá nǹkan fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dópin, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè fi í dọ́gbọ́n. Mo dán an wò lálẹ́ ọjọ́ kan, mò ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, mò ń dáhùn pé “ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n.” Ọmọbìnrin mi dákẹ́. Ó ní, “Màmá, kí ni mo sọ gbẹ̀yìn?” Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Ilé-ìwé máa wọlé láìpẹ́. Òjò ti fọ púpọ̀ nínú àwọn ìlà ara sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi ti dà wọ́n kọ sínú ìwé. Ó ní bí oṣù kejìlá bá dé, òun máa tún igi náà rì, kí òun wò ó bóyá ibi kan náà ni òjìji máa kọjú sí. Mo bi í pé ibo ló rò pé ó máa kọjú sí. Ó ní òun ò mọ̀. Ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tó kù nílé ti wà nínú àpò rẹ̀, mo sì ní aṣọ mẹ́ta láti gé lọ́la.

Èmi ni,
Aránṣọ, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta