Físà nìkan kò tó

Olóòtú wa,

Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò gbà pé físà ti parí ọ̀rọ̀. Rárá o! Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà yín máa kú: orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹ́ kó ṣì ku oṣù 6. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tún ńkọ́? Ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á ni káàdì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ẹni tó gbà á lánàá kò lè fi wọ̀lú lónìí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìrìn-àjò kan ṣoṣo. Ó sábà máa ń gba pé kí èèyàn jáde lọ gbẹ́rù ní pápákọ̀ òfurufú tó ti fẹ́ pààrọ̀ bàálù, bẹ́ẹ̀ ìlú yẹn lè béèrè físà tirẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Òǹkàwé yín