Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ eré

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti Ìlọrin. Gbogbo ilé ń kí ọ, àlàáfíà la sì wà. Eré tí o kọ dé ọwọ́ mi, mo sì ti kà á tán. Ìtàn rẹ̀ mú mi lọ́kàn, pàápàá ibi tí ọmọbìnrin náà ti ń fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ pamọ́ kí ìyá àgbà má baà rí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé Pákátà, ní Ìlọrin níbí, ni ilé ìyá àgbà wà. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọlé lálẹ́, tí ìyá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jẹun, òwe méjì ló kọ́kọ́ pa, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jíṣẹ́ níwájú Aláàfin. Ìyá wo ní Pákátà ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? "O ò tíì jẹun, àbí?" ni yóò sọ, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti wà lórí ọmọrí ìkòkò. Bí ó bá fẹ́ ṣàdúrà fún ọmọ náà, Ọlọ́hun ni yóò pè, kì í ṣe Ọlọ́run, yóò sì tọrọ àlùbáríkà fún un. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ á ti mọ̀ pé Ìlọrin la wà, bí o kò tilẹ̀ fi ààfin Ẹ́mírì hàn án rárá.

Mo mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wọ inú eré rẹ. Fíìmù àwọn ọba àti jagunjagun ni gbogbo wa ń wò láti bí ọdún mélòó kan, mo sì fẹ́ràn Aníkúlápó tó jáde ní ọdún 2022 àti Jagun Jagun tó tẹ̀ lé e ní 2023. Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ ni ìtàn Aníkúlápó ti ṣẹlẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ààfin bá a mu. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ Kwara ló wà nídìí méjèèjì. Kúnlé Afọláyan tó darí Aníkúlápó ni ọmọ Adé Love, ará Agbámú ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tó kópa nínú Àjàní Ògún ní ọdún 1976. Fẹ́mi Adébáyọ̀ tó gbé Jagun Jagun jáde ni ọmọ Ọ̀gá Bello, ará Ìlọrin. Ìran méjì ni àwọn èèyàn wa ti fi gbé fíìmù Yorùbá ró, ṣùgbọ́n èmi kì í sábà gbọ́ ẹnu Ìlọrin tàbí ti Ìgbómìnà níbẹ̀, àfi bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnì kan ṣe ará oko tí a ó máa rẹ́rìn-ín. Ìlú tí wọ́n ń kì ní "Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀" kò yẹ fún irú ìyẹn.

Ẹnì kan á sọ fún ọ pé àwọn òǹwòran kò ní gbọ́ ọ. Má dá a lóhùn. Ẹnu Ìlọrin ni Odòlayé Àrẹ̀mú fi kọ dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, àwọn tí kì í ṣe ará Ìlọrin sì ń ra àwo rẹ̀. Ní báyìí pàápàá, wọ́n ń kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Kí ló wá kù tí a ń bẹ̀rù?

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà tilẹ̀ tún ṣòro fún mi ju ti ìyá àgbà lọ. O ní kí ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Mo fẹ́ fi orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ lọ sí òkè òkun." Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Tanke ní Ìlọrin níbí, tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá! "Mo fẹ́ jápa" ló máa sọ. O ní o ò fẹ́ kí wọ́n wí pé o ń ba èdè jẹ́. Àbẹ̀kẹ́, ìgboro kò dẹ́kun dídá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ rí. Ní gáréèjì ni a ti gbọ́ àgbérò, kò sì sí àgbàlagbà tí kì í pè é báyìí. Ní ìparí ọdún 2024, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford gba àgbérò àti jápa wọlé pa pọ̀. Ṣé àwa tí a ni ín la ó wá máa sá fún un?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún Àjà Ló Lẹrù kà, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tí ó jáde ní ọdún 1969. Bí Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ṣe ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń lé kiri, débi pé mo lè fi ọwọ́ bo orúkọ kí n sì mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wá ìwé náà kà kí o tó fọwọ́ kan eré rẹ. Mi ò ní kí o da ọ̀rọ̀ ìgboro sí gbogbo ojú ewé o; èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó gbó. Fún ọmọ náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní èyí tó bá ẹnu wọn mu, kí o fi ìyókù sílẹ̀.

Bóyá kí o tún ìran ìwé ìrìnnà yẹn wò pẹ̀lú. Bí o ṣe kọ ọ́, ìyá rí ìwé náà, ó sì sunkún. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, kò ní sunkún. Yóò gbé oúnjẹ síwájú ọmọ, yóò jókòó tì í, yóò sì bi í pé, "Ìgbà wo lo fẹ́ jápa?" Àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ tán, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ibi wòlímọ̀ àti ní ibi ayẹyẹ gbogbo, ọmọ ló rò pé ìyá kò mọ̀ ọ́n.

Bí o bá tún un kọ tán, pe màmá àgbà wa lórí fóònù, kí o ka apá ti ìyá náà sí wọn létí kí o tó fún olùdarí kankan. Ibi tí wọ́n bá ti dá ọ dúró, kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ ní Ìlọrin