Lẹ́tà sí Bọ̀sẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbé

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́

Bọ̀sẹ̀ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Manchester ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Àbúrò mi ti bímọ, obìnrin ni. Àkọ́bí mi ti ṣe WAEC tán, èsì là ń retí. Iná kò sí láti ọjọ́ Ẹtì, àbẹ́là ni mo fi ń kọ èyí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ti ya méjì. Mo lè pè ọ́ lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n n ò fẹ́ kí o gbọ́ bí ohùn mi ṣe rí lónìí.

Jẹ́ kí n gba ọ̀nà fíìmù wọlé, torí fíìmù ló sọ èmi àti ìwọ di ọ̀rẹ́. O rántí 50 First Dates? Ọdún 2005 ni, fíìmù náà kò tíì pé ọdún méjì tó jáde, àwo síìdì tí a yá sì ń há lójú ibi tó dùn jù. Obìnrin tí jàǹbá ọkọ̀ ṣe ní Hawaii, tó jẹ́ pé bó bá ti sùn, ohun tójú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà ti parẹ́ nìyẹn, tí ọkùnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ láti orí A láràárọ̀. A rẹ́rìn-ín títí àwọn ará yàrá kejì fi ń lu ògiri fún wa.

Bí ìgbàgbé ṣe máa ń rí nínú fíìmù nìyẹn. Nínú tiwa, wọ́n á pe orúkọ aya ilé sínú ìkòkò, iyè rẹ̀ á sì rá, kò ní mọ ọkọ, kò ní mọ ọmọ. Ọjọ́ tí adúra bá gbà, á sín lẹ́ẹ̀kan, á dìde jókòó, á ka orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀ láì ṣì í. Nínú tàwọn òyìnbó, wọ́n á fi igi gbá ọkùnrin kan lórí, á gbàgbé; igi mìíràn á gbá a, á rántí. Mo ti sunkún ayọ̀ nídìí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Nísinsìnyí inú ń bí mi sí wọn, torí wọ́n ti jẹ́ ká gbà pé ọ̀tá kan ló ń fa ìgbàgbé, àti pé ọ̀nà tó bá wọlé ló máa gbà jáde.

Memento sàn díẹ̀, èyí tó jáde ní 2000. Ọkùnrin tí kò lè di ohun tuntun kankan mú, tó ń fín ọ̀rọ̀ sára kó má baà sọnù. Ìyẹn jọ òótọ́. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Henry Molaison; nítorí wárápá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Hartford lọ́dún 1953, wọ́n sì gé díẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì. Ẹni ọdún 27 ni. Títí tó fi kú ní 2008, ẹni tó bá jáde nínú yàrá tó tún padà wọlé, àlejò ni lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Brenda Milner, obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀, fún un ní àwòrán ìràwọ̀ kó máa fi bírò tọ ojú rẹ̀, inú dígí nìkan ló sì ti lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Lójoojúmọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń mọ́ ọn sí i. Lójoojúmọ́, ó ní òun kò ṣe irú ẹ̀ rí. Bọ̀sẹ̀, ọwọ́ rántí, ẹni tó lọ́wọ́ kò rántí.

Mo ti fojú ara mi rí irú ẹ̀. Ní Ìdíkàn. Lọ́dọ̀ Màmá rẹ.

Jọ̀wọ́, jókòó kó o tó kà á lọ.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà. Ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí Bàbá rà fún wọn ló kọ́kọ́ sọnù, wọ́n ní ọmọ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ló jí i. Ọmọ náà sunkún títí. Inú kẹ́ẹ̀gì ìrẹsì la ti rí i, nínú áńkáṣíìfù tí wọ́n ta ní kókó mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún sọnù. Wọ́n gbé omi ka iná, wọ́n lọ sùn, ìkòkò jó. Bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní Màmá ti ń ṣarán. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n sì ń wo Ìyá Rẹ̀mí ní ìwòkuwò, obìnrin tó ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún Màmá láràárọ̀! Mo bá wọn jà lójú títì. Ẹnìkan tún ní àrùn òyìnbó ni, kì í ṣe Yorùbá. Ìdíkàn gan-an ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ti ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 1992. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà tó ti pé 65, ìdá 1.15 ni Alzheimer, àrùn tó ń jẹ iyè àgbà run díẹ̀díẹ̀, ń mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 2.52 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ó kéré lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó mú wà. Dókítà tó yẹ Màmá wò ní Alzheimer ló jọ. Ó ní oògùn lè dín in kù díẹ̀, kò lè dá a padà.

Àmọ́ gbọ́ èyí. Mo gbé aṣọ òkè tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi lọ hàn wọ́n. Wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rin ín, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. “Sányán kọ́ rèé. Òwú ni wọ́n rẹ láwọ̀ sányán. Èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín?” Bíi ti ìgbà tí wọ́n wà lọ́jà aṣọ ní Gbági! Inú mi dùn, mo fẹ́ dì mọ́ wọn. Ni wọ́n bá gbójú sókè wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ni mo pè yín o?” Èmi, Bọ̀sẹ̀. Èmi tí wọ́n bu oúnjẹ sí abọ́ kan náà fún pẹ̀lú rẹ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wo The Father, èyí tí Anthony Hopkins fi gba Oscar ní 2021, ní ẹni ọdún 83. N kò rí fíìmù ìgbàgbé tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn yòókù ń jẹ́ ká wo ẹni tó ń gbàgbé láti ìta. Èyí mú mi wọ inú orí rẹ̀. Ilé ìdáná yí padà láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé, ojú ẹlòmíràn ló gbé wá. Ó ní wọ́n jí aago òun, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi í pamọ́. Mo rí kẹ́ẹ̀gì ìrẹsì Màmá níbẹ̀. Nígbẹ̀yìn, bàbá arúgbó yẹn sunkún pé kí ìyá òun wá mú òun lọ sílé.

Ó dùn mí pé n kò tètè wò ó. Torí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, Màmá bi mí pé, “Bàbá Bọ̀sẹ̀ ò tíì dé?” Mo ní, “Màmá, Bàbá ti kú, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án.” Wọ́n figbe ta. Wọ́n tú gèlè, wọ́n wólẹ̀, bí ẹni pé ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n túfọ̀ rẹ̀ fún wọn. Èmi ni mo tú u. Kò pé wákàtí kan, wọ́n tún bèèrè. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá ti bèèrè, màá ní, “Màmá, ọbẹ̀ wo ni Bàbá fẹ́ràn jù?” Wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀fọ́ rírò, láti orí irú dé orí ẹja gbígbẹ, kí ọbẹ̀ sì tó jinná, ìbéèrè yẹn á ti lọ. N kò kà á sí irọ́.

O máa bi mí pé kí ló dé tí n kò tètè sọ. Níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì mọ̀ pé nǹkan kan ń sọnù lọ́wọ́ àwọn, Màmá mú mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, pé o kò ní lè sùn. Mo ṣèlérí. Wọ́n ti gbàgbé ìlérí yẹn, èmi kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o pè, o ń ṣeré, o ní, “Màmá, ẹ dárúkọ mi ká gbọ́,” ibẹ̀ sì dákẹ́. O ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n di fóònù mú, èmi ni wọ́n ń wò. Nígbà tí o gé e tán, wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́ ti dé láti ilé-ìwé?” wọ́n sì ki ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò fo ẹyọ kan.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ọkùnrin inú fíìmù Hawaii yẹn ṣe fídíò kan tí obìnrin náà ń wò bó bá ti jí, kó lè mọ ara rẹ̀. Àìsàn tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kò jọ ti Màmá, ṣùgbọ́n fídíò yẹn lè wúlò fún wa. Ṣe ọ̀kan fún mi. Kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Má bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Sọ pé, “Màmá, èmi Àbẹ̀kẹ́ yín ni, mo wà ní Manchester, mo ti jẹun, ara mi yá.” Má dárúkọ Bàbá. Àràárọ̀ ni màá máa lọ fi hàn wọ́n kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bó bá sì ṣeé ṣe rárá, wálé ní Oṣù Kejìlá, má dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Bó o bá fẹ́ ṣe fídíò náà, má dé wíìgì. Di irun, kó o sì so ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n fún ọ. Ṣùkú ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọ.

Èmi ni,
Ṣadé