Ohun tí Aruna ṣe ní Rio kì í ṣe ohun kékeré

Sí Olóòtú,

Ọ̀kun o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ó ní ariwo tí à ń pa lórí Quadri Aruna, ọmọ Nàìjíríà tí ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì, ti pọ̀ jù, nítorí pé ọkùnrin náà kò gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì kankan rí. Òótọ́ ni, kò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìyẹn nìkan wọn iṣẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ yìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé kò dúró nídìí tábìlì rí.

Ọdún 1988 tí wọ́n bí Aruna ni tẹ́nìsì orí tábìlì kọ́kọ́ wọ Òlíḿpíìkì, ní Seoul, àtìgbà náà ni àwọn ọmọ Áfíríkà sì ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, láìsí ẹni tí ó dé àárín àwọn mẹ́jọ tó ṣẹ́kù nínú ìdíje ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan, àfi ìgbà tí ó di Rio ní 2016. Ọ̀nà tí Aruna gbà débẹ̀ le. Ó borí Chuang Chih-yuan ti Taiwan, ẹni tí ó ṣe ipò kẹrin ní London ní 2012, ó sì tún fàgbà han Timo Boll, ẹni tí àwọn ará Jámánì fa àsíá orílẹ̀-èdè wọn lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìdíje náà. Ma Long ti Ṣáínà ni ó dá a dúró, ayò mẹ́rin sí òdo, Ma Long kan náà ni ó sì gba wúrà lọ sílé.

Mo kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá fún ọ̀pọ̀ ọdún níhìn-ín ní Kàbà. Káfíńtà ni ó kan tábìlì wa. Bíríkì ni a fi ń gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ró láàárín, òun ni àwọ̀n wa. Bí bọ́ọ̀lù bá tẹ̀ wọnú, omi gbígbóná ni a ń jù ú sí kí ó lè wú padà, nígbà ọyẹ́ sì rèé, atẹ́gùn kì í jẹ́ kí a gbá a níta rárá. (Àwa àgbà ṣì ń ka ayò tiwa dé mọ́kànlélógún, bẹ́ẹ̀ láti 2001 ni wọ́n ti dín in kù sí mọ́kànlá.) Ìdí nìyí tí ó fi yé mi, nígbà tí mo rí bí Aruna ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa bọ́ọ̀lù tí bọ́ọ̀lù náà ń pòyì lọ bá àwọn tí wọ́n ti kékeré dàgbà sínú gbọ̀ngàn olówó ńlá, pé ohun tí mò ń wò kò wọ́pọ̀.

Rio nìkan kọ́. Ní 2014, lẹ́yìn tí ó wọ àárín àwọn mẹ́jọ tó ṣẹ́kù ní Ife Àgbáyé ní Düsseldorf, àjọ tí ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé fi í ṣe ọkùnrin tó dára jù lọ lọ́dún náà. Ó gba fàdákà ní ìdíje Commonwealth ní Gold Coast ní 2018, ó tún wọ àárín àwọn mẹ́jọ ní ìdíje àgbáyé ní Houston ní 2021, nígbà tí ó sì di 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó bọ́ sáàárín àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé. N kò ní fi epo pa á: ẹsẹ̀ kìíní ni Ionescu ti Romania ti lé e jáde ní Paris ní 2024, Omar Assar ti Íjíbítì ni ó sì dé àárín àwọn mẹ́jọ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yẹn?

Kí ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀hún tún rántí Segun Toriola, ọmọ Nàìjíríà mìíràn tó gbá tẹ́nìsì orí tábìlì, tí ó lọ sí Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀méje láti 1992 dé 2016. Òun náà kò gba àmì-ẹ̀yẹ níbẹ̀. Ṣé òun náà ṣe lásán ni?

Olóòtú, bí ẹ bá tẹ lẹ́tà yìí jáde, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi àwòrán ọjọ́ tí Aruna borí Boll sí i. N ó gé e, n ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé mi, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù náà ní ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.